Àgbébọ̀ Pupa Tí Mo Bọ́ Yó Jù

Ọwọ́ òsì Ìyé àgbà di ilẹ̀kùn àgò mú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fa adìẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ké, ìyẹ́ ń fò, òórùn ìgbẹ́ adìẹ àti èéfín òwúrọ̀ dàpọ̀ sí mi nímú. Kó tó fi ọ̀kan sílẹ̀, á ti ìka sábẹ́ àyà rẹ̀, á wá eegun ibẹ̀ kàn. Bí eegun bá mú ṣáṣá, á ní, "Ọ̀bẹ." Ìyẹn ti rù. Bí ẹran bá gbá eegun mú lọ́tùn-ún lósì, á ní, "Ó dáa." Bí kò bá rí eegun rárá, á pòṣé: "Ìrọ̀rí!"

Ìyá tó bí bàbá mi nìyẹn, ní ilé wa ní Kabba. Ìyé la ń pe ìyá lọ́dọ̀ tiwa. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tó fún mi ní àgbébọ̀ pupa kan sìn, tí kò tíì yé rí. Bó bá yé, tó sì pa, àwa méjèèjì yóò pín ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi ń bọ̀ láti Kàdúná: bí adìẹ náà kò bá yé kó tó dé, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ.

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, oúnjẹ ló ń di ẹyin. Ẹni tó fẹ́ ẹyin kíákíá, kó yáa bọ́ ọ kíákíá. Ọkà bàbà tí Ìyé sá sórí àpáta ni mo ń bù sápò aṣọ iléèwé mi. Àwọn adìẹ yòókù ń tú ààtàn, wọ́n ń lé tata nínú oko kọfí. Tèmi jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná bí ìyàwó olówó, ó ń retí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ ni mo ń yọjú wo ìtẹ́. Òfo.

Lọ́jọ́ kan, ìka Ìyé dúró.

"Ìrọ̀rí! Ta ló ń bọ́ èyí?"

"N ò mọ̀, Ìyé."

"Àbí òun fúnra rẹ̀ ló ń dáná?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìlọ́po méjì ni mo bù fún un.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí àbúrò bàbá mi dé, mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé Ìyé máa nà mí. Ẹ̀rín ló ń rín. "Ọlọ́gbọ́n ọmọ! O ò jẹ́ kó rìn, o ò jẹ́ kó wá nǹkan. Ọ̀rá ti dí ọ̀nà ẹyin. Tata, ekòló, koríko, ìyẹn ni adìẹ fi ń yé. Ọkà, fún un díẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó lè rántí ilé."

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé adìẹ kiri oko kọfí. Mo ń kó ewé bo ikán kó lè máa tú u. Ìyá kan ládùúgbò dúró wò mí, ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa ní Kabba: "Òkun o! Ṣé ìwọ lò ń kọ́ adìẹ ní eré sísá, àbí òun ló ń kọ́ ọ?" Eegun àyà adìẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ ìka. Ẹyin ò yọ.

Ní Sátidé, àlejò wa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo di ìró Ìyé mú. "Ìyé, ẹ fún un di ọ̀la péré."

"Àlejò ti dé, ọmọ mi. Ohun tí a sọ, a ti sọ ọ́."

Nígbà tó la inú adìẹ náà, ó pè mí kí n wá wò ó. Ọ̀rá bò ó bí epo tó dì. Láàárín rẹ̀, ẹyin wẹ́wẹ́ tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó tóbi jù ti fẹ́ẹ̀ gbó. Ìyé fi ìka kàn án. "Ó ku díẹ̀," ló wí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Nídìí oúnjẹ, àbúrò bàbá mi ń lá ìka. "Há! Adìẹ yìí lọ́ràá o! Ta ló sìn ín?"

Ìyé fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi.

"Káre, ọmọ dáadáa!"

Omijé mi kán sínú ọbẹ̀.

Mo ti lọ́mọ báyìí, mo sì ní adìẹ lẹ́yìnkùlé. N kì í bọ́ wọn yó. Mo ń jẹ́ kí wọ́n wá oúnjẹ fúnra wọn. Àwọn ọmọ mi ní ahun ni mí, wọn ò sì parọ́ tán. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kí mi pé káre, inú mi kì í kọ́kọ́ dùn. Mo máa ń bojú wẹ̀yìn ná, kí n mọ ohun tí mo pa.