Òwú Pupa Tí Ìyá Fáìlì Ò Kọ Sílẹ̀

Rárá o, ẹni tó sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló dẹ́rù ba Ìyá Fáìlì tó fi sáré, irọ́ ló pa. Obìnrin tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ọkọ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ lórí fóònù, ta ló fẹ́ fi kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà á? Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jókòó dáadáa, ó gùn díẹ̀.

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí Ìyá Fáìlì ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn ìjọba. Ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pátápátá ni yàrá yẹn wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀ máa ń ké bí ewúrẹ́ tébi ń pa, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, pákó tí wọ́n to fáìlì sí sì ga débi pé àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún. Fáìlì tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ẹ sáà ti dárúkọ aláìsàn, kẹ́ ẹ tó mí ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti gbé tiẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ó kúrú, ó sanra níwọ̀nba, bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé ló máa ń wọ̀ síbi iṣẹ́, bírò méjì kì í sì í kúrò nínú irun ẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan búlúù. Ọkọ ẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé tí òun bá gbàgbé ibi tóun fi kọ́kọ́rọ́ sí, òun kì í wá a, ìyàwó òun lòun máa ń pè.

Ọ̀rọ̀ òwú pupa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí Ìyá Fáìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, àgbà nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó mú un bí ọmọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ́ ọ pé tí ara aláìsàn kan bá kọ oògùn kan, kó dá ihò méjì sí igun òkè fáìlì, kó ki òwú pupa bọ̀ ọ́, kó gba inú ojú ewé tí dókítà kọ orúkọ oògùn yẹn sí, kó wá so ó ní kókó méjì. Tí fáìlì bá dé yàrá abẹ́rẹ́, ọwọ́ nọ́ọ̀sì á ti kan òwú kójú ẹ̀ tó rí nǹkankan, á sì ṣí ojú ewé yẹn gan-an. Iná lè lọ. Ó lè rẹ nọ́ọ̀sì débi pé kò ní mọ ohun tó ń kà mọ́. Kò ní í rẹ òwú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dọọdún, kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, wọ́n á fi hàn án, ó parí. Ta ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ lòun fi ń rìn?

Ìgbà tí ìjọba wá ní kí wọ́n kó ìwé gbogbo aláìsàn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí kálukú lè jókòó sílé ẹ̀ kó rí ìwé ìtọ́jú ẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá tó ń bójú tó ohun rírà ránṣẹ́ sí Ìyá Fáìlì. Ọkùnrin gíga kan báyìí ni, ó ń wọ awò ojú tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ lápá kan. Kọ-Ọ́-Sílẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun tẹ́ ẹ lè bá a sọ tí kò ní í ní kẹ́ ẹ lọ kọ sílẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tíyàwó ẹ̀ sọ fún un pé òun lóyún, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ wò ó, ìyá," ó ní, "a fẹ́ pe àwọn agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n wá du iṣẹ́ yìí. Ohun tá a bá kọ sínú ìwé la máa rí gbà. Ohun tá ò bá kọ, ẹni tó gba iṣẹ́ ò ní ṣe é, a ò sì ní lè bá a jà. Ẹ̀yin lẹ mọ fáìlì yẹn. Gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ pátá?"

"Gbogbo ẹ̀. Títí kan eruku, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó wúlò."

Inú Ìyá Fáìlì dùn débi tí ò ṣe é pa mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi kọ ọ́, ojú ewé méje. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń fún fáìlì ní nọ́ńbà. Ó kọ nípa dókítà àtijọ́ kan tó máa ń kọ méje bí ọ̀kan. Ó kọ nípa pákó kẹta tí òjò jò sí lọ́dún kan, tí omi ti ba ohun tí wọ́n fi bírò kọ sínú àwọn fáìlì ibẹ̀ jẹ́. Ó kà á fún ọkọ ẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, ìyẹn sùn lọ lójú ewé kẹrin, ó jí i, ó sì bá a kà á dópin. Òwú pupa ò wá sí i lọ́kàn. Kì í ṣe pé ó gbàgbé o. Èèyàn kì í gbàgbé ohun tí ò fìgbà kankan rò.

Kọ-Ọ́-Sílẹ̀ fi tiẹ̀ kún un. Lára ohun tó fi kún un ni pé kí agbaṣẹ́ṣe yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ìwé kúrò lára fáìlì kó tó ti ìwé bọ ẹ̀rọ tó máa ya àwòrán ẹ̀. Ìyá Fáìlì ka ibẹ̀. Píìnì tó ti dípẹtà ló rí lọ́kàn ẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n pe àwọn agbaṣẹ́ṣe, wọ́n yan ọ̀kan. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń ní "ẹ jọ̀ọ́" nínú, kó ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé dé, òun àtàwọn ọmọbìnrin mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń ṣe: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yẹn, Ìyá Fáìlì ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti ní kó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà nílé mìíràn, lápá kejì ọgbà. Ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó lè bí lọ́mọ lọ.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣí ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn fún aráàlú. Ọkọ ẹ̀ wo tiẹ̀ lórí fóònù látorí àga nílé, ó pè é níbi iṣẹ́.

"Ìyá Àkọ́bí, wọ́n kọ ọ́ síbí pé mo sanra jù."

"Ẹ̀rọ ò mọ irọ́ pa," Ìyá Fáìlì dá a lóhùn, àwọn tó wà nítòsí sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni. Bó ṣe ń wọlé láàárọ̀, ó pàdé télọ̀ tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún un lẹ́nu géètì. Télọ̀ fi aṣọ funfun di ìka, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára ẹ̀, ìka sì ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Fáìlì, ẹ bá mi dá sí i o. Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń jẹun, òun náà ló fẹ́ jẹ mí yìí."

"Ó gún ẹ wọlé?"

"Ó wọlé, ó jáde lódì kejì. Látìjẹta."

"O wá jókòó sílé ò ń wò ó? Tètè lọ sí yàrá abẹ́rẹ́, jẹ́ kí àwọn náà gún ẹ ní tiwọn."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ìyá Fáìlì ló fẹnu ara ẹ̀ rán an lọ síbẹ̀ o.

Ó dé yàrá káàdì. Pákó ti ṣófo, wọ́n ti kó gbogbo fáìlì lọ sí ilé ìkẹ́rù. Ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin agbaṣẹ́ṣe ló kù síbẹ̀ tó ń ti àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ nǹkan tí ò yẹ. Ọmọ yẹn mọ ọ̀wọ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ kí i. Bó ṣe na ọwọ́ láti bá a tan kọ̀ǹpútà ni Ìyá Fáìlì rí ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀. Òwú ni wọ́n fi hun ún, ó pupa, ó nípọn.

"Ẹ̀gbà yìí dáa o. Ibo lo ti rà á?"

"N ò rà á, ma. Èmi ni mo hun ún. Lára òwú àwọn fáìlì àtijọ́ yẹn ni. Ṣé kí n hun tiyín? Ó ṣì pọ̀ nínú ọ̀rá."

Ìyá Fáìlì di ọwọ́ ọmọ yẹn mú. Ó fà á sún mọ́ ojú. Òwú kéékèèké tí wọ́n lọ́ mọ́ra ni, kókó sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kókó méjì. Kókó méjì. Kókó méjì. Ó di ọwọ́ yẹn mú pẹ́ débi pé ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọ̀rá wo?"

Ọmọ yẹn fa ọ̀rá kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó tó ìrọ̀rí. Ìyá Fáìlì ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ dé ìgbùnwọ́. Òwú ni, kìkì òwú.

Jẹ́jẹ́ ló fi béèrè. "Nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ kọ oògùn tí ara aláìsàn kọ̀, kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"A ò rí nǹkankan lójú fáìlì, ma. Tá ò bá sì kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ̀rọ ò ní jẹ́ ká kọjá. Ọ̀gá wa ní ká kọ 'Kò sí'."

"Fún ta ni?"

"Fún gbogbo wọn, ma."

Ìgbà yẹn ni ìka télọ̀ sọ sí i lọ́kàn, bó ṣe wú, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi dì í.

Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí Ìyá Fáìlì kó sáré rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó sáré, tòun ti ọ̀rá òwú lábíyá. Bàtà rọ́bà kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bírò dúdú já bọ́ níwájú yàrá ẹ̀jẹ̀, kò wẹ̀yìn. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ká ẹsẹ̀ kò fún un. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá abẹ́rẹ́. Télọ̀ ti jókòó, ó ti yíjú sógiri bí ẹni tí ò fẹ́ rí nǹkan. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sókè, ó ń ti afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́.

"Dúró," ni Ìyá Fáìlì sọ. Kò pariwo. Kò sí èémí tó máa fi pariwo.

"Ìyá, kí ló dé? Ẹsẹ̀ yín kan ò ní bàtà."

"Kí lo fà sínú ẹ̀?"

"Pẹnisílíìnì."

"Ara ẹ̀ kọ̀ ọ́. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, orí àga tó jókòó lé yẹn ló dákú sí. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo so òwú ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "'Kò sí' ni wọ́n kọ síbí, ìyá. Ẹ wò ó."

Ó wò ó. Ó hàn ketekete, lẹ́tà ẹ̀ mọ́ tónítóní, ó rẹwà ju gbogbo ohun tí dókítà kankan ti kọ rí lọ.

"Ó ṣe mí bíi kí n sọ ọ́," ni télọ̀ wí. "N ò mọ orúkọ oògùn yẹn ni. Mo ní wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á mọ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ sínú àwo irin.

Ìyá Fáìlì fi ẹsẹ̀ kan lásán gun àtẹ̀gùn lọ bá Kọ-Ọ́-Sílẹ̀. Obìnrin agbaṣẹ́ṣe wà lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Ó ju ọ̀rá òwú sáàárín ife méjèèjì, ó sì ro gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọmọbìnrin tó hun ẹ̀gbà yẹn ti tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ ẹ̀gbà náà, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má bínú," ni obìnrin agbaṣẹ́ṣe wí. "Ohun tó wà nínú ìwé la ṣe." Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka sí i. Kí wọ́n yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ìwé. Lábẹ́ ẹ̀, Ìyá Fáìlì rí ibi tóun fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìrù gígùn tó máa ń fà sídìí ẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tuntun nìyẹn," obìnrin náà ń bọ́rọ̀ lọ. "Ẹ máa kọ ìwé míì, wọ́n á tún pe agbaṣẹ́ṣe. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́rin."

Kọ-Ọ́-Sílẹ̀ bọ́ awò ojú ẹ̀. Ojú ẹ̀ kéré láìsí i, ó dà bí ojú ẹlòmíì.

"Ìyá, ojú ewé méje. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ìyá Fáìlì mú òwú kan nínú ọ̀rá, ó gbé e síwájú ẹ̀.

Ọkùnrin náà fa ìwé kan sún mọ́ra. "Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá àgbà lónìí yìí. Orúkọ ẹni tó ṣe àṣìṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣé ti àwọn ọmọ tó gé òwú ni kí n kọ?" Ó wo ọmọ ẹnu ọ̀nà. Ó wá wo Ìyá Fáìlì, òun náà sì mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ló kù kí obìnrin yìí fẹ̀yìn tì. "Àbí ti ta, ìyá?"

Ìyá Fáìlì yọ bírò búlúù tó kù nínú irun ẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé yẹn.

"Ẹ kọ tèmi. Wọ́n gé òwú, wọn ò lè gé ihò. Fáìlì ṣì wà nílé ìkẹ́rù, màá fọwọ́ wá ihò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ yìí á sì bá mi gun àkàbà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ nǹkankan, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n pa 'Kò sí' yẹn rẹ́ báyìí, kí wọ́n kọ 'A ò mọ̀, ẹ bi í' dípò ẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ni mo kà lórí bẹ́ǹṣì yàrá abẹ́rẹ́ nígbà tí mò ń kọjá."