Àwòrán àtijọ́ kò kúrò lórí fóònù ìyá ọlọ́mọ

Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ló dá mi lágara lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pààrọ̀ àwòrán ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí sítì ilé ìwòsàn wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì: Ọjọ́rú ti di Ọjọ́bọ̀.

Láàárọ̀ yìí, Ọjọ́rú, ìyá kan gun alùpùpù zémìjàn dé láti Idigny, ọmọ lẹ́yìn, eruku lójú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo fóònù mi. Ṣebí Ọjọ́rú lẹ kọ síbẹ̀?”

Òótọ́ ni. Àwòrán àtijọ́ ni fóònù ẹ̀ ṣì tọ́jú.

Èmi gan-an ni mo ṣètò sítì náà pé kí fóònù máa tọ́jú àwòrán fún oṣù kan láìtún gbà á wá, kí mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará oko ń rà má baà tètè tán.

Kí n tó lanu, ó ní: “Ẹ má bínú o, fóònù mi ló ti gbó.”

Mo kàn ní kó padà wá lọ́la, Ọjọ́bọ̀. Ó tún gun zémìjàn padà.

Ṣé ẹ̀yin ì bá jẹ́wọ́ fún un?