Ìyàwó Mi Kò Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀, Ó Kú Ni

Ìyàwó mi, Ràhámọ̀tù Ògúnbọ̀dé, kú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 1986, nílé wa ní Chatham, àdúgbò kan ní Chicago, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkàn rẹ̀ ló dúró. A sin ín ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní kí a ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Mo kọ́kọ́ sọ èyí ná, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Chicago yìí tí kò tíì gbà pé ó kú. Lójú tiwọn, ó sá níṣẹ́ ni.

Èmi kò kàwé. Bíríkìlà ni mí ní Ìwó kí n tó tẹ̀lé e wá síbí ní 1969. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ọsibítù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi. Kẹ́hìndé, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà níbí, ló ń kọ ohun tí mò ń sọ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin sí i.

Ràhámọ̀tù ló kàwé nílé wa. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ọdún mẹ́rìnlá ló fi kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà àtijọ́, àwọn tó kọ̀wé ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì kéré, tó ń wá ohùn tí yóò fi sọ̀rọ̀. Kò sí lára àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbà pátápátá. Bí sáà kan bá parí, wọn á fún un ní ìwé míì kó fọwọ́ sí. Ìgbà méjìdínlọ́gbọ̀n ló fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ rí bí ènìyàn ṣe ń ṣe àlejò níbi iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá?

Àwọn ará wa náà kò gbè é. Nípàdé ẹgbẹ́, bí dókítà bá dìde, wọn á pàtẹ́wọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá dìde, wọn á pàtẹ́wọ́. Bí Ràhámọ̀tù bá dìde, wọn á ní, "Ìyá Inú Igbó, ẹ kú ewé o." Ohun tó fà á ni pé ó ti ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ kan pé àwọn kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yẹn gbà pé Ọlọ́run ń bẹ nínú ewé àti nínú omi bó ṣe ń bẹ nínú ilé ìjọsìn, pé ó yẹ kí ènìyàn kúrò láàárín èrò nígbà míì kó lè gbọ́ ohun tí ọkàn ara rẹ̀ ń sọ. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ náà sàn ju èyí tí wọ́n ń pe ọkọ òun lọ. Bàbá Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, yóò jókòó sídìí tábìlì ní kíṣìnì, yóò ṣí ìwé, yóò máa sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n nìyẹn. Àwọn kan ń kọ nípa ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń kọ nípa òwúrọ̀ àti igi àti ọkàn tó mọ́. Àwọn kan ń kọ nípa òkùnkùn, ilé tó ń wó, òkun tó ń gbé ọkọ̀ mì, ẹ̀ṣẹ̀ baba tó ń lé ọmọ kiri. Ó ní ìjà ilé ni wọ́n ń bá ara wọn jà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ẹni tó ní òun kò fẹ́ èrò, òun kò fẹ́ ìjọ, òun nìkan tó òun, ta ni yóò sin ín?

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Sàláhúdéènì, kò tíì sẹ́ni tó bi mí ní irú ìyẹn rí ní kíláàsì mi."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìbéèrè náà lọ síwájú wọn, ó sì sọ pé ọkọ òun tó ń fọ aṣọ ní ọsibítù ló bèèrè rẹ̀. Ó dárúkọ mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àárọ̀ Sátidé ni kíláàsì rẹ̀ máa ń jẹ́, nítorí àwọn tó ń kọ́, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní sáà kọ̀ọ̀kan, yóò kó wọn lọ sí ọgbà tó wà lẹ́bàá adágún, yóò ní kí oníkálùkù yan igi kan, kó dúró tì í fún wákàtí kan láìsọ̀rọ̀, kó tó kọ ohun tó rí. Bí òtútù mú, bí kò mú, òun náà á yan igi tirẹ̀. Èmi ni mò ń gbé fìláàsì tíì dání. Josephine, ọmọbìnrin kan láti Hazel Crest tó ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì ọsibítù, wà lára wọn. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun rò pé Màmá ń jẹ àwọn níyà ni. Ní ìparí wákàtí náà, òun kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ohun kan tún wà tí Ràhámọ̀tù ṣe. Ó wo àwọn ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ní kó kọ́ wọn, ó rí i pé kò sí ènìyàn dúdú kankan nínú wọn. Ó wá àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn ara wọn ní àkókò yẹn gan-an, ó tò wọ́n mọ́ àwọn tó kù. Ó ní àwọn kan wọ igbó láti wá òmìnira ọkàn, àwọn kan wọ igbó láti wá òmìnira ara, igbó kan náà ni. Ìwé pélébé méjìlá ló fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó kù kí n sọ àṣìṣe tiwa, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo gbé e pamọ́. Ní Sátidé, ọjọ́ kejì ìsìnkú, ilé-ẹ̀kọ́ fóònù wá pé olùkọ́ kò wá. Àdùfẹ́, àbúrò Ràhámọ̀tù, ló gbé fóònù. Sàláhúdéènì, àkọ́bí wa tó ń gbé Ìbàdàn, kò tíì gbọ́. Láti Ọjọ́bọ̀ la ti ń pe Ìbàdàn tí fóònù kò wọlé. Ní ilẹ̀ wa, àjèjì kì í gbọ́ ikú ìyá ṣáájú àkọ́bí rẹ̀. Àdùfẹ́ ní Màmá kò sí nílé, kí wọ́n tún pè. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ló ṣe. N kò bá a wí.

Ọjọ́rú ni a tó rí Sàláhúdéènì bá sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, Àmínù, àbúrò ìyàwó mi, pe ilé-ẹ̀kọ́. Mo jókòó tì í. Ó sọ fún wọn pé Ràhámọ̀tù kú, ó sọ ọjọ́ tó kú, ó pe orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó gbé fóònù ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kí wa kú àsẹ̀yìndè lọ́nà tiwọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé. Ìwé rẹ̀ nípọn, àmì ilé-ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ kà láyé yìí, orúkọ Ràhámọ̀tù ni, òun ló kọ́ mi. Mo rí i ní ìlà àkọ́kọ́. Mo ní àwọn òyìnbó wọ̀nyí náà ṣeun. Ẹ sọ fún mi, bí ènìyàn bá ti gbọ́ pé òkú kú, tó wá kọ lẹ́tà sí ilé òkú, kí ni ó yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà? Mo lọ sí òpópónà kọkàndínlọ́gọ́rin, mo ra férémù onígíláàsì, mo sì gbé lẹ́tà náà kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wà níbẹ̀. Àwọn tó wá kí wa kà á. Olùkọ́ kà á, akáǹtáǹtì kà á, lọ́yà kan wá láti Matteson, òun náà kà á. Èmi fúnra mi ni mò ń fà wọ́n dé iwájú rẹ̀. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ó mà ṣe o, Bàbá." Mo rò pé ikú ni wọ́n ń sọ.

Sàláhúdéènì dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú àdúà ogójì ọjọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri. Ó sún mọ́ lẹ́tà náà.

"Bàbá, ta ló gbé èyí kọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e sọ̀kalẹ̀."

"Kà á ná."

Ó kà á ní Yorùbá. Lẹ́tà náà ní nítorí pé Ìyáàfin Ògúnbọ̀dé kò wá sí kíláàsì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ilé-ẹ̀kọ́ gbà pé ó ti fi iṣẹ́ àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò ní gbà á mọ́. Kó dá kọ́kọ́rọ́ padà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá ni Àmínù pè wọ́n.

Mo bi Àmínù pé ṣé kò rí ohun tí mo gbé kọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni mò ń wò. Ẹ ń fi hàn wá bí ẹni tó gba oyè." Mo sọ fún un pé irú ọ̀wọ̀ tó jẹ́ kí n fi èébú ìyàwó mi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, kó máa gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin yòókù tí ẹ kà á. Ẹ mọ ara yín.

Èmi àti ọmọ mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá ẹ̀ka wọn gbà wá dáadáa, ó fún wa ní kọfí. Ó ní òun mọ̀ pé ó kú, ó dun òun. Mo ní kí ló dé tí lẹ́tà wọn fi wí pé ó sá. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó fi han ọmọ mi. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún àwọn olùkọ́ sáà-sí-sáà: ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó kọ̀wé, wọ́n lé e, tàbí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìkọ̀wé. Kò sí àyè fún ikú. Ó ní èyí tó sún mọ́ ọn jù ni wọ́n mú.

Ó ní bí a bá fẹ́, àwọn lè gbin igi kan fún un.

Mo bèèrè àwọn ìwé pélébé méjìlá náà. Ó ní ti ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n. Josephine ti sọ fún mi ṣáájú pé olùkọ́ tuntun ń lò wọ́n. "Bàbá, ìwé Màmá ni, lẹ́tà kan kò yí padà. Wọ́n kàn gé òkè rẹ̀ kúrò ni." Ẹ wò ó, ohun tó kọ jẹ́ tiwọn, àmọ́ òun tó kọ ọ́ kì í ṣe tiwọn.

Èmi kò kàwé, ṣùgbọ́n mo lè bi àwọn tó kàwé. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n mọ ọdún tí gbogbo òǹkọ̀wé inú igbó yẹn kú. Wọ́n mọ àìsàn tó pa wọ́n. Bí ọmọ kíláàsì bá ṣi ọdún náà kọ nínú ìdánwò, wọ́n á gé máàkì rẹ̀. Kí wá ló dé tí wọn kò lè kọ ọjọ́ ikú obìnrin tó kọ́ni ní ìwé wọn, nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan péré ti kọjá lórí rẹ̀? Ṣé ó yẹ kí àádọ́jọ ọdún kọjá ná ni? Obìnrin tó dúró ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nínú òtútù ni wọ́n ní ó fi ọmọ kíláàsì sílẹ̀.

Sàláhúdéènì, àgbà ti dé sí mi, inú sì ti bí mi jù láti máa bá ẹlẹ́rìn-ín mu kọfí. Ọwọ́ rẹ ni mo fa ọ̀rọ̀ yìí lé, níwájú gbogbo ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn yìí. Lọ ní ọjọ́ Ajé. Má gba igi. Má gba pẹ̀lẹ́. Kí wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ pé Ràhámọ̀tù Ògúnbọ̀dé kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dá orúkọ rẹ̀ padà sórí ìwé rẹ̀ méjèèjìlá. Kí ọ̀gá náà fọwọ́ sí i níṣojú rẹ. Bó bá ní fọ́ọ̀mù kò gbà á, kó ya fọ́ọ̀mù míì. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìwé kan, má tíì dúpẹ́, má sì gbé e wálé fún mi bẹ́ẹ̀. Kà á tán kí o tó dìde lórí àga.