Màmá mi ń kí àwọn apẹja

Màmá mi fẹ́ dójú tì mí lónìí o!

Mo mú wọn láti Àjàó Estate lọ sí kúárì àtijọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀, tó ti di adágún, ká lọ fi ìwọ̀ pẹja. Gbogbo àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Màmá ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ó kérè délé o!"

"Màmá, ẹ rọra, ẹja á sá."

"Ṣé kí n máa kọjá lára èèyàn bí ewúrẹ́ ni?"

Bàbá àgbàlagbà kan dìde, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ti ń múra àtibẹ̀bẹ̀.

Bàbá náà ní: "Màmá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá síbí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi."

Màmá bá ṣí abọ́ mọ́ínmọ́ín wa. "Ẹ jókòó, ẹ wá bá wa jẹun."

A ò rí ẹja kankan pa.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta lẹ kí lónìí?