Àtàǹpàkò Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ kan péré ni lọ́yà fi kó jìnnìjìnnì bá ilé wa ní Ìba. Ó pe bàbá mi lórí fóònù pé kí wọ́n wá sí ọ́fíìsì òun ní Òkòkòmáíkò lọ́jọ́bọ̀, pé ọjọ́ náà làwọn máa ẹ́sìkíùtì ìwé ilẹ̀ tí bàbá mi fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá mi ò kàwé, àmọ́ wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Láyé ṣọ́jà, òun ni rédíò máa ń lò tí wọ́n bá fẹ́ yìnbọn pa adigunjalè. Mo ní kì í ṣe pípa, fífọwọ́ sí ìwé ni, wọn ò gbà. Inú lọ́yà yẹn bí mi gan-an. Ṣé kò gbọ́ Yorùbá ni?

Lọ́jọ́bọ̀, bàbá mi dágbére fún ìyá mi ká tó jáde. Lọ́yà gbé íńkì síwájú wọn: “Bàbá, ẹ tẹ̀ka síbí.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá ń retí èyí tó kù.

“Ó ti parí, sà.”

Bàbá mi wo àtàǹpàkò wọn tó ti dúdú, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Àtàǹpàkò lẹ fẹ́, orí ni mo gbé wá fún yín!”