Ìgbín Abẹ́ Igi Obì

Lọ́sàn-án àná, mo gbọ́ tí ṣíbí ń dún lára ìkarahun lẹ́yìnkùlé. Ọmọ-ọmọ mi ló rí ìgbín kan nínú ewé gbígbẹ, tó fẹ́ fọ́ ohun funfun tó bo ẹnu rẹ̀. "Màmá, ó ti kú kẹ̀!" Mo lọgun, "Fi í sílẹ̀! Ó ń sùn ni!"

Ẹ̀yin ọmọ Ṣàngó-Ọ̀tà òde òní, ìgbín díndín ẹ̀gbẹ́ títì lẹ mọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ọ́tà, abẹ́ igi obì ẹ̀yìn ilé wa ni tiwa ń gbé. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ilẹ̀ ń sán, wọn á wọlẹ̀ lọ, wọn á fi itọ́ ara wọn dí ẹnu ìkarahun, á gbẹ bíi bébà. Wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu, àfi bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, kì í jẹ́ ká hú wọn. Ó máa ń bá ewúrẹ́ pàápàá wí pé kó rọra tẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan ni ẹbí ta ilẹ̀ náà fáwọn tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́. Bàbá mi ní ká hú ìgbín, ká kó wọn lọ sóko Adó-Odò. Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Bàbá fi ṣàwàdà: "Bí ìgbín bá fà, ìkarahun á tẹ̀ lé e."

Ìyá Àgbà dá a lóhùn: "Èyí tó sùn ńkọ́? Òjò ló ń jí wọn, kì í ṣe ọkọ́. Òjò á ṣáájú katapílà dé."

Ni gbogbo ilé bá ń wojú ọ̀run. Òjò á ṣú, á tún tú ká.

Katapílà ló ṣáájú. Ìyá Àgbà bẹ awakọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ kan: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣáà dúró de òjò." Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọ̀gá ló rán mi níṣẹ́." Wọ́n wó igi obì, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi kọnkéré bò ó.

Kọnkéré ọ̀hún kò tíì pẹ́ tó gbẹ tí òjò fi dé. Àwa ọmọdé ń jó nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ lásán dúró lórí kọnkéré, kò mira. "Wọ́n ti jí," ló wí. Kò dárúkọ ilẹ̀ náà mọ́ títí tó fi kú.

Ọ̀tà ti di ìlú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ti ń jẹun, mi ò bú u. Ìgbín ò yí ìwà padà. Wọ́n ṣì ń sùn lẹ́ẹ̀rùn, ọkàn wọn balẹ̀ pé òjò á bá wọn nílé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, mi ò jẹ́ fẹsẹ̀ lásán tẹ kọnkéré. Ohun tí ẹsẹ̀ mi máa gbọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.