Asẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi Lọ Yá

Ọjọ́ tí màmá mi padà sí Èkó lẹ́yìn ọdún Kérésì ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni mo ń gbé, létí adágún orí òkè, nítòsí Òkè-Ìlá. Màmá mi ti ṣèlérí pé a jọ máa lọ ni, mo sì ti di ẹrù mi. Bí a ṣe jẹun àárọ̀ tán, Ìyá àgbà ní, "Sáré lọ bá mi yá asẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Dúpẹ́."

Òdìkejì adágún ni Ìyá Dúpẹ́ ń gbé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Jókòó, jẹ iṣu ná." Ibi tí mo ti ń jẹ ẹ́ ni mo ti rí ọkọ̀ màmá mi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Mo ju iṣu nù, mo sáré, mo ń pariwo, "Màmá, ẹ dúró dè mí!" Ọkọ̀ náà kò dúró.

Ẹrù mi nìkan ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà ní, "Má bínú, ẹkún rẹ ni kò fẹ́ rí." Mo wọ ilé ìdáná, mo sì rí asẹ́ wa lára ògiri.

Wọ́n ní gbogbo àgbà etí adágún ló ń tọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n pawọ́ pọ̀ tàn mí ni. Títí dòní, bí wọ́n bá ní kí n lọ yá nǹkan, mo máa ń kọ́kọ́ wo ilé ìdáná wa.